Aago Ìpadàbọ̀ Ni Ká Kọ́kọ́ Kọ: Ẹ̀kọ́ Lórí Ṣíṣètò Ìrìn-Àjò Lọ sí Ìlú Olókè

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, àwa SS2 máa dìbò lórí ibi tí a máa lọ fún ẹskọ́ṣọ̀n ọdún yìí. Ibi méjì là ń jiyàn lé: Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti Abẹ́òkúta níbi tí òkúta Olúmọ wà. Ohun tí mò ń gbọ́ nínú kíláàsì láràárọ̀ ni pé Ìdànrè rẹwà ju Olúmọ lọ. Mo gbà. Àmọ́ kì í ṣe ẹwà ló yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé, aago mélòó la gbọ́dọ̀ padà dé Ìdó?

A ò kì í sùn nílé-ìwé. Láti ilé ni gbogbo wa ti ń wá. Àwọn kan ń ti Ọ̀tọ̀ wá, àwọn kan láti Òyìngbò, àwọn kan ń wọ dánfó láti Mushin. Ìyá ẹlòmíì ń retí rẹ̀ ní ìsọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bàbá ẹlòmíì ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan tí wọ́n bá kọ pé ọmọ máa sùn síta, ẹ ò tiẹ̀ ní parí àlàyé tí yóò fi dá ìwé náà padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ láti orí òkè, ó ń ṣètò fún àwọn díẹ̀ nínú wa ni.

Ẹ rántí iṣẹ́ àṣetiléwá tí tíṣà Jọ́gíráfì fún wa, pé kí kálukú ṣètò ọjọ́ mẹ́rin ní Swítsàlandì, orílẹ̀-èdè olókè ní Yúróòpù. Mo gba ìwé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bíi mẹ́wàá kà. Ọ̀pọ̀ wọn to orúkọ ìlú bí ẹni to orin sórí fóònù: Zurich lónìí, Grindelwald lọ́la, Zermatt lọ́túnla, Geneva lọ́jọ́ kẹrin. Lórí máàpù, Grindelwald àti Zermatt fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ ó rò pé ọ̀nà kúkúrú lásán ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkè ńláńlá tí yìnyín bò ló wà láàárín wọn. Ọkọ̀ ojú irin ò lè gun wọ́n kọjá. Ó máa yí lọ sí Interlaken, kó lọ sí Spiez, kó wọ ihò abẹ́ òkè kan tó gùn ju kìlómítà 34 lọ tí wọ́n ṣí ní 2007, kó yọ sí Visp, kó tó wá yí gòkè lọ sí Zermatt. Ìrìn bíi wákàtí mẹ́ta ni, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí èèyàn máa sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ míì. Ẹni tó bá fi rúlà ṣètò ti pàdánù ìdajì ọjọ́ kan kó tó kúrò ní ilé ìtura.

Ohun tí ìlú olókè fi yàtọ̀ sí Èkó nìyẹn. Ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ bíi tiwa, gosiló ló ń jẹ àkókò wa. Ní ilẹ̀ olókè, òkè fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Nítorí náà, wákàtí la fi ń wọn ọ̀nà ibẹ̀, a kì í fi kìlómítà wọ̀n ọ́n. Ọkùnrin ará Skọ́tíláǹdì kan, William Naismith, ti fi òfin kan lélẹ̀ láti 1892 tí àwọn agunkè ṣì ń lò títí dòní: kí o ka wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún tí o bá fẹsẹ̀ rìn, kí o sì fi wákàtí kan kún un fún mítà 600 kọ̀ọ̀kan tí o bá gùn sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òfin yẹn sílẹ̀, a máa lò ó láìpẹ́.

Òfin kejì, ti ojú ọjọ́ ni, ó sì wà nínú ìwé Jọ́gíráfì wa: bí a bá ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tutù sí i, nǹkan bíi ìwọ̀n sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 6.5 fún mítà 1,000. Ibùdókọ̀ ojú irin kan wà ní Swítsàlandì tí wọ́n ń pè ní Jungfraujoch. Mítà 3,454 ló fi ga ju òkun lọ, láti 1912 sì ni ọkọ̀ ojú irin ti ń dé ibẹ̀. Interlaken tó wà nísàlẹ̀ fi bíi mítà 570 ga. Bí oòrùn bá mú ní Interlaken dé 25, ẹ ṣírò ìyàtọ̀ náà, ẹ ó rí i pé bíi 6 péré ló máa kù lókè, láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ìyẹn ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń gbé kóòtù lọ́wọ́ nígbà tí oòrùn ń ràn. Ní tiwa, orí òkè tó ga jù ní Ìdànrè ń lọ sí mítà 900, nítorí náà bí Èkó bá mú dé 30, ibẹ̀ lè wà ní bíi 24. Ti Olúmọ ò tiẹ̀ dé ìwọ̀n kan, torí mítà 137 ló fi ga ju òkun lọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn gbé súwẹ́tà o. Òkúta tí oòrùn ọ̀sán ti pa, tí kò sí igi lórí rẹ̀, máa ń gbóná bí agbada.

Ó ku Ìdànrè. Èmi náà fẹ́ràn Ìdànrè, mi ò ní purọ́. Kì í ṣe òkè kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ òkúta ràgàjì ni, tí ìlú wà láàárín wọn. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá ti àtijọ́ ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà, ilé-ìwé tí àwọn oníwàásù dá sílẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún náà ṣì wà. Ẹ ronú sí i ná: àwọn ọmọdé bíi tiwa ń gbé síléètì lọ sí kíláàsì lórí òkè! Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Òkè Ìdànrè sínú àkójọ ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Ká tó dé ìlú àtijọ́ yẹn, a máa gun àtẹ̀gùn tó lé ní 660, pẹ̀lú àwọn ibi ìsinmi lójú ọ̀nà.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá.

Ká ní àwọn òbí fún wa ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí ẹlòmíì ò sì ní gbà kó tó ìyẹn pàápàá. Láti Èkó dé Àkúrẹ́, tí a bá gba ọ̀nà Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú-Òde, ó lé ní kìlómítà 300. Láti Àkúrẹ́ dé Ìdànrè ṣì ku bíi ogún kìlómítà àti díẹ̀, ọ̀nà náà sì ń yí láàárín òkè. Bọ́ọ̀sì tó bá kó ọmọ ilé-ìwé, tó dúró kí wọ́n tọ̀, tó dúró kí wọ́n ra búrẹ́dì, tó bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, tó bá ṣe kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ó gbìyànjú. Wákàtí méje nìyẹn ní àlọ, méje ní àbọ̀. Ká tó dé Ìdó ní aago mẹ́jọ alẹ́, a gbọ́dọ̀ kúrò ní Ìdànrè ní aago kan ọ̀sán. Bí a bá sì gbéra ní aago márùn-ún ìdájí, aago méjìlá la máa dé ẹsẹ̀ òkè. Ìyẹn ni pé a fi wákàtí mẹ́rìnlá jókòó nínú bọ́ọ̀sì nítorí wákàtí kan.

Ṣé wákàtí kan lè tó? Àwọn kan sọ fún mi pé ó tó, pé eré lásán ni àtẹ̀gùn 660. Ibí ni òfin Naismith ti wúlò. Bí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 17, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ bíi mítà 112. Mítà 600 ní wákàtí kan, nítorí náà mítà 112 á gba bíi ìṣẹ́jú 11. Lórí ìwé, àwọn ọ̀rẹ́ mi jàre.

Àmọ́ Naismith ń kọ̀wé fún ẹni tí òkè gígùn ti mọ́ lára. Nítorí náà, àwa mẹ́rin kan dán an wò. Àtẹ̀gùn ilé-ìwé wa láti ìsàlẹ̀ dé àjà kejì jẹ́ 44. Ẹ sọ 44 di ìlọ́po 15, ó di 660 géérégé. A gùn ún, a sọ̀ kalẹ̀, a tún gùn ún, lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda tíṣà. Ẹni tó yá jù lo ìṣẹ́jú 19. Ẹni tó kẹ́yìn lo ìṣẹ́jú 44, ó sì jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o, ìṣẹ́jú 44 yẹn ló wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe lọ́jọ́ náà. Nínú kíláàsì wa, a lé ní ogójì. Ẹni tó ní asthma wà nínú wa, ẹni tí orúnkún ń dùn láti ìgbà ìdíje eré ìdárayá náà wà. Ogunlọ́gọ̀ tó ń gun òkè, ìgbésẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wọn ń rìn. Bí a bá fi 19 ṣètò, ṣe la máa fi àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sílẹ̀ sí ibi ìsinmi kejì, kí wọ́n máa ṣọ́ báàgì. Bí a bá sì fi 44 ṣètò, tí a fi àkókò ìsọ̀kalẹ̀ kún un, wákàtí kan wa ti tán ká tó rí ààfin Ọwá.

Nítorí náà, Ìdànrè nílò oorun méjì: ọjọ́ kan fún àlọ, ọjọ́ kan gbáko fún òkè, ọjọ́ kan fún àbọ̀. Ó yẹ fún un. Mo fẹ́ ká ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n kí a ṣe é ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ká wá máa sáré lórí títì lóru nítorí fọ́tò, mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n kan náà wo Abẹ́òkúta. Ọkọ̀ ojú irin ló máa gbé wa, nítorí náà kò sí gosiló Bẹ́gà nínú ọ̀rọ̀ náà. Tó bá jẹ́ ayé àwọn bàbá ńlá wa ni, ẹsẹ̀ la ò bá fi rìn lọ wọ̀ ọ́, torí Ìdó níbí ni ojú irin àtijọ́, èyí tó dé Ìbàdàn ní 1901, ti ń bẹ̀rẹ̀. Ti ìsinsìnyí, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù kẹfà 2021, tó gùn ní kìlómítà 157 dé Ìbàdàn, Alágomèjì la ti ń wọ̀ ọ́, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson pè, gómìnà àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Tí a bá gba Òyìngbò kọjá láàárọ̀ kùtù, kò jìnnà rárá. Láti ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta kò tó wákàtí méjì.

Ká ní ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Èkó nírọ̀lẹ́ máa kọjá ní Abẹ́òkúta ní aago márùn-ún. Èyí ni kí a kọ́kọ́ kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, ká wá máa kọ lọ sókè. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 15, kí gbogbo wa ti wà ní ibùdó, kí tíṣà ka orí wa. Ibùdó náà, tí wọ́n sọ ní orúkọ Wole Soyinka, Láderin ló wà, kò sí láàárín ìlú, nítorí náà ẹ yọ wákàtí kan fún ọ̀nà: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 15 la kúrò ní Aké. A ti wà ní Aké láti aago méjì. Ká tó dé Aké, ìdajì wákàtí fún bọ́ọ̀sì: aago kan ààbọ̀. Ṣáájú ìyẹn, ìṣẹ́jú 45 fún oúnjẹ. Ṣáájú oúnjẹ, wákàtí méjì gbáko fún Olúmọ. Ìyẹn gbé wa dé aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú 15 láàárọ̀ lẹ́sẹ̀ òkúta, àti aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú 15 ní Láderin. Nígbà náà la tó wá béèrè pé, ọkọ̀ àárọ̀ wo ló máa gbé wa débẹ̀ kó tó di àkókò yẹn? Bí ìdáhùn bá wà, ètò wà. Aago méje alẹ́ ò ní lù tí a ó fi dé Alágomèjì.

Ẹ wo wákàtí méjì yẹn. Olúmọ ní ibi tí ẹni tó yá lè gùn, ó ní àtẹ̀gùn fún ẹni tó ń rọra rìn, ó sì ní ẹ̀rọ agbénigòkè bíi ti àwọn ilé gogoro Marina, nítorí náà ẹni tí orúnkún ń dùn lè ní ìrètí láti dókè (ká sáà béèrè ṣáájú bóyá ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn). Inú ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun wà níbẹ̀, pẹ̀lú ojú ibi tí àwọn ìyá ti ń lọ ata sórí òkúta. Ní 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá débẹ̀, kì í ṣe nítorí afẹ́ ni wọ́n ṣe wá òkúta. Ẹni tó bá dúró lókè yóò rí ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀: kò sí ọ̀tá tó lè wá láìjẹ́ pé wọ́n ti rí i láti òkèèrè.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ọ̀pọ̀ yín ti lọ sí Olúmọ nígbà tí ẹ wà ní prámárì. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe fi Aké sínú ètò, tí mo sì fún un ní wákàtí kan lé ìṣẹ́jú 15. Ẹ má gbàgbé pé ẹgbẹ́ oníròyìn ilé-ìwé ló ní ògiri tí ẹ ń kà yìí. Ní Abẹ́òkúta, ní oṣù Kejìlá 1859, ni oníwàásù Henry Townsend ti gbé ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa jáde, Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń jáde, ó sì wà títí di 1867 tí rògbòdìyàn lé àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ṣọ́ọ̀ṣì St Peter tó wà ní Aké, láti ọ̀dọ̀ àwọn oníwàásù ìgbà yẹn náà ló ti ṣẹ̀. Kò sí ìkankan nínú ìwé prámárì wa tó mú wa débẹ̀. Àwa tí à ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé mọ́ ògiri lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ó yẹ ká dúró níbi tí àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa.

Ètò tó dáa gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a máa fò, ká tó kúrò nílé. Nínú ètò tèmi, ọjà àdìrẹ Ìtòkú, tó wà nítòsí Olúmọ, ni àkọ́kọ́ tó máa bọ́ sílẹ̀, mo sì ti bọ́ ọ sílẹ̀ báyìí. Ẹ má bínú, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra aṣọ. Bí ọkọ̀ àárọ̀ bá pẹ́ ní ìdajì wákàtí, ẹ jẹ́ ká jẹun nínú bọ́ọ̀sì. Bí ó bá pẹ́ ní wákàtí kan, ká dín Olúmọ kù, kí Aké dúró bó ṣe wà. Tíṣà tó bá ń darí wa ló máa sọ pé ó yá, kì í ṣe ariwo kíláàsì.

Ti ojú ọjọ́: òkúta tí òjò bá pa máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, nítorí náà kó má jẹ́ oṣù kẹfà tàbí ìkeje. Ọyẹ́ tó bá pọ̀ jù náà máa ń bo ojú ọ̀run, ẹ ò ní rí ju òrùlé àdúgbò lọ. Èmi rò pé oṣù kọkànlá ló dára jù, nígbà tí òjò ti ń lọ, tí ìdánwò tẹ́ẹ̀mù kìíní ò sì tíì dé. Bàtà tó ní ìdè, kì í ṣe sìlípáàsì. Omi lítà kan fún kálukú. Ẹni tó ń lo oògùn, kí ó wà lápò rẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe nínú báàgì tí wọ́n máa kó sẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

Owó ni ọ̀rọ̀ tó ń dá àwọn kan dúró, tí wọn ò sì ní sọ. Ohun tí a máa san nìwọ̀nyí: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, bọ́ọ̀sì láàárín Abẹ́òkúta, owó ẹnu ọ̀nà Olúmọ, oúnjẹ, àti owó díẹ̀ tó máa wà lọ́wọ́ tíṣà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo dábàá pé ká pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí kálukú máa dá a fún akápò díẹ̀díẹ̀ bí èsúsú, kí orúkọ ẹni tó kù díẹ̀ fún má sì hàn lára ògiri. Bí a bá lọ sí Ìdànrè, ẹ fi ilé tí a máa sùn àti oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta kún un, ẹ wá ka iye wa tó máa kù nílé.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ilé-ìwé, èmi àti akápò máa rìn lọ sí Alágomèjì láti da aago ọkọ̀ àti owó tíkẹ́ẹ̀tì kọ láti ojú wíńdò, ní àlọ àti ní àbọ̀. A máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìwé yìí ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ká dìbò fún Ìdànrè, kó bá wa gbé aago ìpadàbọ̀ tirẹ̀ wá, kó lẹ̀ ẹ́ sí apá kejì. Àyè wà níbẹ̀.